Àwọn Ẹja Ọjọ́ Kọkànlá

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Ìyá Táípì, ẹ gbé lẹ́tà tí kò ní déètì lọ síwájú rẹ̀. Á wo ìwé náà lókè, á wò ó nísàlẹ̀, á bọ́ awò ojú rẹ̀, á wá bi yín pé, "Ẹni tó kọ èyí, ṣé kò mọ ọjọ́ tó wà láyé ni?" Ọdún méjìdínlógójì ló fi tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ṣoṣo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kan tí kò ṣeé ṣí. Orí ẹ̀rọ onírin tó ń dún bí ẹni ń pa ẹ̀kùrọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ló parí rẹ̀ sí. Àwọn ọ̀gá wá, àwọn ọ̀gá lọ. Kó tó tẹ ọ̀rọ̀ kankan sínú lẹ́tà, á ti tẹ déètì ọjọ́ náà sókè lápá ọ̀tún, kò sì ní wo kàlẹ́ńdà. Ìka rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó purọ́ ọjọ́. Ọ̀gá kan fẹ́ lé akọ̀wé kékeré kan dànù, òfin ibi iṣẹ́ sì ní ó gbọ́dọ̀ ti kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Kò kọ nǹkan kan. Ó wá pe Ìyá Táípì wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Màdáámù, ẹ bá mi tẹ ìwé ìkìlọ̀ kan, kí ẹ fi déètì oṣù mẹ́ta sẹ́yìn sí i."

Ìyá Táípì ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ò lè tẹ ọjọ́ tó ti kọjá."

Ọ̀gá rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó ní kí wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ lọ sí yàrá ẹrù nísàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í dé, kó máa tẹ àkọlé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ páálí. Ọdún mẹ́rin gbáko ló lò níbẹ̀. Ikọ́ tó bá a níbẹ̀ kò tíì fi í sílẹ̀ dòní. Akọ̀wé kékeré yẹn ò mọ̀ pé torí òun ni, Ìyá Táípì ò sì sọ fún un. Ó ní ohun tí òun ṣe, torí ara òun lòun ṣe é. Irú obìnrin tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn, kí ẹ lè mọ ohun tó ná an láti ṣe ohun tó padà ṣe.

Bíríkìlà lọkọ rẹ̀, orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ náà sì ni gbogbo àdúgbò fi ń pè é. Ògiri tí bàbá yìí bá mọ, ẹ gbé okùn sí i láti òkè délẹ̀, ẹ ò ní rí ibi tó ti wọ́. Onígbèéraga ni díẹ̀, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí kò jẹ́ kí àwọn lébìrà rẹ̀ lè kórìíra rẹ̀: kì í jẹun ọ̀sán títí gbogbo wọn á fi jẹun tán. Á jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, á máa kà wọ́n. "Alásìméńtì ti jẹ? Oníyanrìn ńkọ́? Káfíńtà dà, ó ti tún sá lọ síbo?" Bí ẹnì kan bá ṣẹ́kù tí kò tíì jẹ, ọ̀gá náà ò jẹ nìyẹn, kódà kí oòrùn máa wọ̀. Ó ní ọ̀gá tó bá kọ́kọ́ kó oúnjẹ sẹ́nu ṣáájú àwọn tó ń gbé ẹrù, ilé tó ń kọ́ á lanu ni.

Ọjọ́ kan ni àrùn rọpárọsẹ̀ gbá a lulẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ni nígbà náà. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ahọ́n wúwo. Nígbà tó yá, ìrántí náà bẹ̀rẹ̀ sí í já níbì kọ̀ọ̀kan. Ó mọ orúkọ gbogbo ilé tó ti kọ́ láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀, á máa wò yín ni. Ọkùnrin tó máa ń gbé búlọ́ọ̀kù méjì lẹ́ẹ̀kan náà wá di ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń fi ṣíbí bọ́. Ó dùn ún. Kò sọ, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ṣíbí bá ń bọ̀ ló máa ń dijú.

Ọmọbìnrin wọn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, nọ́ọ̀sì ni ní ìlú mìíràn. Òun ló wá kí wọn lọ́jọ́ kan tó ní ọwọ́ òsì bàbá òun gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun náà á gan. Ó tan kọ̀ǹpútà tí ìyá rẹ̀ gbé bọ̀ láti ọ́fíìsì nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó sì wá géèmù kan jáde lórí ìntánẹ́ẹ̀tì. Adágún ẹja ni. Omi aláwọ̀ búlúù, òkúta díẹ̀, ewéko tó ń jó nísàlẹ̀, agolo oúnjẹ lókè. Bí ẹ bá fi máòsì tẹ agolo náà, oúnjẹ á já lu omi, àwọn ẹja á sì sáré wá pẹ̀lú ẹnu ní yíyà. Ọjọ́ ayé gan-an ni wọ́n ń kà. Bí ẹ bá bọ́ wọn lónìí, ebi á ti pa wọ́n lọ́la. Bó bá di ọjọ́ mẹ́ta, àwọ̀ wọn á ṣí. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má wulẹ̀ padà wá mọ́.

"Èmi?" ni Bíríkìlà wí. "Èmi ọ̀gá bíríkìlà, kí n máa bọ́ fọ́tò?"

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti sọ gbogbo wọn lórúkọ. Ẹja mẹ́jọ: Alásìméńtì wà níbẹ̀, Oníyanrìn wà níbẹ̀, Káfíńtà tó máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn òkúta, Péńtà tó ní àmì pupa lẹ́yìn. Èyí tó tóbi jù, tí kì í ṣe nǹkan kan àfi kó dúró sábẹ́ agolo kó máa retí, òun ni wọ́n pè ní Kọntirátọ̀. "Wò ó," Bíríkìlà á ní, "kò gbé yanrìn, kò po kọ̀ǹkéré, ikùn rẹ̀ ló yọ jù." Á wá rẹ́rìn-ín títí itọ́ á fi máa dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ á nù ún nù, òun náà á sì máa rẹ́rìn-ín.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni àkókò wọn. Ìyá Táípì á gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ti ọkọ rẹ̀, á tan ẹ̀rọ, Bíríkìlà á fọwọ́ òsì tẹ agolo náà díẹ̀díẹ̀, á kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bó ti máa ń ka àwọn lébìrà rẹ̀. Nígbà tí ìkẹjọ bá ti jẹ, á fẹ̀yìn ti àga, á ní, "Ó yá, gbé tèmi wá." Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé wá ní aago mẹ́rin ààbọ̀ yìí ni kì í dijú jẹ. Bó bá di ọ̀sán tàbí àárọ̀, ìyẹn ogun ni. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, kò sí ọjọ́ kan tí ẹja sùn láìjẹ.

Ẹ máa gbọ́. Ìkéde kékeré kan ti ń jáde lójú ẹ̀rọ náà láti bí oṣù mélòó kan. Ó ní ètò tó ń gbé géèmù náà dúró ń bọ̀ wá kógbá sílé. Ìyá Táípì, tí kì í fi ìwé sílẹ̀ láìkà, kà á. Ṣùgbọ́n ìkéde mélòó ló ti kà ní ọ́fíìsì tí nǹkan kan ò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ó pa á dé. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní, ó tan ẹ̀rọ ní aago mẹ́rin, ó sì bá àpótí aláwọ̀ eérú kan níbi tí adágún wà tẹ́lẹ̀. Kò sí omi. Kò sí òkúta.

Bíríkìlà tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀. "Ẹja dà?"

"Ẹ̀rọ ló ń ṣe ségesège, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká jẹun ná."

"Ẹja ò tíì jẹ."

Ó kọjú sí ògiri. Ìyá Táípì bẹ̀ ẹ́, ó rọ̀ ọ́, ó bínú, ó tún bẹ̀ ẹ́. Omi nìkan ló gbà. Lọ́jọ́ kejì, omi. Lọ́jọ́ kẹta, ètè rẹ̀ ti ń bó. Ó wulẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà ni, láìsí ìbínú níbẹ̀ rárá: "Ẹja ò tíì jẹ. Ṣé kí n wá máa jẹ?" Ìyá Táípì wá rí i kedere pé ọkọ òun lè kú. Kì í ṣe rọpárọsẹ̀ ló máa pa á, ẹja ni. Ó wé ẹ̀rọ náà sínú aṣọ ìbora, ó gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, ó kọrí sí ìsọ̀ Májùúnù.

Májùúnù ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìkángun òpópónà. Àdúgbò ló fún un lórúkọ yẹn, pé orí rẹ̀ ò pé, torí bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ tó ti kú pátápátá wá, ohun tó máa sọ ni pé, "Ẹ má jù ú nù." Ìsọ̀ rẹ̀ kún dé àjà. Ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n alápótí, rédíò aláìlẹ́nu, wáyà tó lọ́ mọ́ wáyà. Ẹnu ọ̀nà ló ti ń ṣiṣẹ́, torí kò sáyè nínú ilé fún òun fúnra rẹ̀ mọ́. Ó gbọ́ ẹjọ́ Ìyá Táípì látòkè délẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí ìyẹn.

"Màmá," ó ní, "ètò yẹn ti kú. Àwọn tó ṣe é ló pa á fúnra wọn, wọ́n ní ó ti gbó. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà káàkiri ayé tí wọn ò fẹ́ kí àwọn géèmù àtijọ́ parun. Wọ́n ti ṣe ètò tuntun tó lè ṣí wọn. Ẹ fún mi dọ̀la."

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ẹ̀rọ náà wá sílé fúnra rẹ̀. Adágún ti dé, ẹja mẹ́jọ pé. Ó fa Ìyá Táípì sẹ́yìn ilé, ó sọ ìyókù fún un.

"Ètò tuntun yìí mọ bí wọ́n ti ń ṣí adágún náà, Màmá, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ti ń pa ohun téèyàn ṣe níbẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá bọ́ ẹja lónìí tí ẹ pa ẹ̀rọ, kò ní rántí. Lójú tiẹ̀, ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní lẹ bọ́ wọn kẹ́yìn; ti ọjọ́ kọkànlá ò tíì wọlé kó tó di pé ètò àkọ́kọ́ kú. Bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tó bá wo déètì ara ẹ̀rọ, á ní ẹ ò tíì bọ́ ẹja láti ìgbà yẹn. Á pa wọ́n."

"Kí la wá máa ṣe?"

Májùúnù wo ilẹ̀. "Ẹ máa purọ́ fún un ni. Bátìrì kékeré tó ń bá ẹ̀rọ yìí rántí ọjọ́ ti kú, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti tàn án, á bi yín pé ọjọ́ wo lòní. Ọjọ́ kọkànlá, aago mẹ́rin ku díẹ̀, ni kí ẹ máa tẹ̀ sí i. Ojoojúmọ́. Ebi á ti pa àwọn ẹja láti ọjọ́ kẹwàá, wọ́n á jẹun, gbogbo rẹ̀ á dọ́gba."

Ikọ́ yàrá ẹrù yẹn gbé Ìyá Táípì, ó wú u tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọmọ mi, bá mi tẹ tòní."

Májùúnù bá a tẹ tọjọ́ náà, ó bá a tẹ ti ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta kò ráyè wá. Ìyá Táípì jókòó síwájú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń bi í léèrè, Bíríkìlà ń retí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òsì lórí máòsì. "Ọlọ́run, má kà á sí mi lọ́rùn," ni Ìyá Táípì wí nínú ara rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kìíní. Àwọn ẹja sáré wá. Ọkọ rẹ̀ kà wọ́n dé orí ìkẹjọ, ó fẹ̀yìn ti àga, ó ní kí wọ́n gbé tòun wá, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún béèrè sí i.

Bí ọjọ́ kọkànlá ṣe wọlé tọ̀ wọ́n nìyẹn, tí kò lọ mọ́. Òjò rọ̀, òjò dá, ọjọ́ kọkànlá ni. Ọmọbìnrin wọn wá, ó lọ, ọjọ́ kọkànlá ni. Wọ́n kun ojú ilé, wọ́n pààrọ̀ páànù òrùlé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ á lù, ó tún di ọjọ́ kọkànlá oṣù kìíní. Lẹ́yìn tí Ìyá Táípì bá ti pa ẹ̀rọ, tí ọkọ rẹ̀ bá ti ń tòògbé, á lọ sí yàrá, á mú ìwé kékeré kan, á kọ déètì ọjọ́ náà gan-an síbẹ̀. Kò ní kọ nǹkan mìíràn. Á wò ó, á pa ìwé náà dé. Ó ní bí òun ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun náà á ṣìnà.

Ìgbà kan ṣoṣo ni Bíríkìlà tẹjú mọ́ adágún náà títí, tó ní, "Kọntirátọ̀ yìí ò sanra sí i mọ́."

"Ó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ ni, Bàbá."

"Kọntirátọ̀ wo ló ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ?"

Ìyá Táípì rẹ́rìn-ín títí, ó sì dìde lọ sí ilé ìdáná lọ sunkún díẹ̀. Ẹ̀rín náà wá látọkàn, ẹkún náà wá látọkàn.

Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin kọjá báyìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù karùn-ún, télọ̀ tó wà ní ilé kejì gbé ìwé mẹ́ta wá, ó bẹ Ìyá Táípì kó bá òun tẹ̀ wọ́n. Lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́, lẹ́tà sí onílé, lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Inú Ìyá Táípì dùn. Ó pẹ́ tó ti tẹ lẹ́tà gidi kẹ́yìn. Ó tan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ béèrè ọjọ́, ó fi òótọ́ dá a lóhùn. Ó tẹ lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, déètì lókè lápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kedere, láìsí àṣìṣe kan. Télọ̀ ní, "Màmá, ọwọ́ yín ò gbó rárá," ara Ìyá Táípì yá gágá. Iná lọ lọ́sàn-án, ẹ̀rọ sì kú fúnra rẹ̀.

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, iná ti dé. Ó tan ẹ̀rọ, ó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ télọ̀, bó ṣe ń ṣàròyé pé ẹ̀gbọ́n òun máa ya ìwé náà láìkà á. Ẹ̀rọ béèrè ọjọ́. Kò wo ojú ẹ̀rọ, ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ ló kọjú sí. Ìka rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀, bó ti ń lọ láti ọdún méjìdínlógójì, ó tẹ ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù karùn-ún, ọdún tí a wà níbẹ̀ gan-an.

Adágún ṣí. Omi rẹ̀ ti dúdú. Ẹja mẹ́jọ léfòó lórí rẹ̀ pẹ̀lú ikùn funfun lókè, Kọntirátọ̀ láàárín wọn, ó tóbi jù wọ́n lọ. Ìwé kékeré kan jáde lórí omi náà pé ẹgbẹ̀rin ọjọ́ ó lé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni wọn ò ti jẹun.

Ìyá Táípì kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ojú rẹ̀ wá lọ sí igun ìsàlẹ̀, ó rí déètì tí òun fọwọ́ ara òun tẹ̀. "Yéè, mo gbé!"

Bíríkìlà ti tẹ agolo. Oúnjẹ já lu omi, kò sẹ́ni tó wá. "Ẹ jẹun," ó ń sọ fún wọn, ahọ́n rẹ̀ wúwo, "ẹ jẹun, ẹ jẹun." Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, títí oúnjẹ fi bo àwọn ẹja náà lójú omi. Ìgbà yẹn ló gbé ọwọ́ kúrò. Ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ìkẹjọ.

"Wọ́n ti kú," ó ní.

"Rárá o, Bàbá, ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn." Ó ti pa á.

"Gbogbo wọn ló kú." Bàbá náà bú sẹ́kún. Ẹkún àgbàlagbà kì í pariwo. Ó kàn jókòó síbẹ̀, ojú rẹ̀ ń ṣàn, ọwọ́ rẹ̀ kan ò sì lè gbé ara rẹ̀ sókè láti nù ún.

Kò jẹun ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Kò jẹ lọ́jọ́ kejì. Ìyá Táípì ò fi ara rẹ̀ sílẹ̀ rárá, ó ń bú ara rẹ̀ láti yàrá dé ilé ìdáná. Ẹgbẹ̀rin ọjọ́ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló fi purọ́ tí àwọn ẹja fi wà láàyè, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó sọ òótọ́, òótọ́ pa wọ́n. Ta ni kó sọ ọ́ fún? Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Màmá, ẹ tún un ṣí," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ fi ọjọ́ yẹn sí i. Bàbá á gbàgbé. Ṣé kì í ṣe àwọn ló gbàgbé pé mo wá lọ́sẹ̀ tó kọjá? Bí wọn ò bá jẹun títí ọ̀la, mò ń bọ̀ wá gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n á sì ti rọ́bà bọ imú wọn. Màmá, mo ti rí ẹni tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣí."

Májùúnù náà wá wo ẹ̀rọ. Ó tẹ ọjọ́ kọkànlá, ẹja mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe wọ́n rí. "Mo sọ fún yín, Màmá," ó ní. "Kì í pa nǹkan kan mọ́, ì báà ṣe ikú."

Nítorí náà, nígbà tó di aago mẹ́rin ọjọ́ kẹta, Ìyá Táípì gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ti ọkọ rẹ̀. Ó tẹ ọjọ́ kọkànlá, oṣù kìíní. Ojú rẹ̀ wà lára ìka rẹ̀ títí ó fi tẹ̀ ẹ́ tán. Omi búlúù dé, ewéko ń jó nísàlẹ̀, Káfíńtà yọ orí lẹ́yìn òkúta. Ó gbé ọwọ́ òsì ọkọ rẹ̀ lé máòsì. "Bàbá, ẹ wò wọ́n. Ebi ń pa wọ́n."

Bíríkìlà wò wọ́n. Ó wò wọ́n pẹ́.

"Àwọn wo nìyí?"

"Ẹja yín ni, Bàbá. Kọntirátọ̀ rèé lábẹ́ agolo."

"Kọntirátọ̀ ti kú. Mo rí i. Ìwọ náà rí i." Ọkùnrin tí kò rántí oúnjẹ àárọ̀, tí kò rántí pé ọmọ òun wá! Ó yí orí sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ kedere bí ojú tó máa ń fi wo ògiri. "Kí lo ṣe?"

Ìyá Táípì ò lè dúró lórí irọ́ náà mọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí àpótí eérú dé orí lẹ́tà télọ̀. Ó sọ ọjọ́ tí a wà gan-an fún un, àti ọdún rẹ̀. Ó sọ fún un pé ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, pé ó ti kọjá ọjọ́ ìbí méjì láìmọ̀. Ó ń sọ ọ́, ó ń fi etí aṣọ nu imú. "Ẹ̀rù ló bà mí, Bàbá. Mo rò pé ẹ máa kú."

Àwọn ẹja ń ya ẹnu sí àwọn méjèèjì láti inú ẹ̀rọ. Bíríkìlà wá ní, "Ìwọ. Ìwọ tó o lo ọdún mẹ́rin ní yàrá ẹrù."

"Èmi ni."

"O purọ́ ọjọ́ nítorí mi."

"Mo purọ́ ọjọ́ nítorí yín."

Ó gbé ọwọ́ òsì kúrò lórí máòsì, ó gbé e lé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ náà wúwo, ó sì le koránkorán bí ti àwọn tó ti mọ ògiri láti kékeré. "Pa á," ó ní. Ìyá Táípì pa á. "Kò sí ẹni tí mò ń dúró dè mọ́. Lọ bu tèmi wá."

Obìnrin náà fò dìde débi pé àga rẹ̀ ṣubú. Ìrẹsì àárọ̀ ló wà nílẹ̀, ó gbé e kaná, ó bu ọbẹ̀ lé e, kò dúró kó gbóná tán. Ó jókòó, ó fẹ́ ṣíbí àkọ́kọ́ tútù, ọkọ rẹ̀ gbà á, ó jẹ ẹ́, kò dijú. Ó jẹ ìkejì. Ó ní kò níyọ̀, Ìyá Táípì ní òun á fi sí i, ó ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jẹ ìkẹta àti ìkẹrin. Nígbà tí ìkarùn-ún ń bọ̀, ó fi ọwọ́ òsì dá ṣíbí náà dúró lójú afẹ́fẹ́.

"Bó bá kan èmi náà," ó ní, ó ń wá ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, "má dá ọjọ́ padà fún mi o. Ọjọ́ tí mo bá kú, jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ yẹn."

Ìyá Táípì wo ṣíbí, ó wo ojú rẹ̀.

"Dá mi lóhùn."

"Mo ti gbọ́, Bàbá," ó ní. Bíríkìlà sì yọ ọwọ́ kúrò lára ṣíbí, ó la ẹnu.